Lẹ́tà H Kan Ṣoṣo àti Àwọn Tí Wọ́n Ń Rán Ọmọ Ọlọ́mọ Lọ Sójú Ogun

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, n kò sì ní díbọ́n pé inú kò bí mi. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 2025, tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí i pé kí àwọn ọmọ ogun wa lọ sí orílẹ̀-èdè Benin, inú ìsọ̀ mi ní Òkè-Fìà níhìn-ín ní Òṣogbo ni mo wà, tí mo ń ṣe fọ́tòkọ́pì fún opó sójà kan. Rédíò tó wà lórí tábìlì ló ń ka ìròyìn náà. Ọjọ́ kan náà tí wọ́n ka lẹ́tà Ààrẹ ni wọ́n fọwọ́ sí i. Obìnrin tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi ti ń wá ìbuwọ́lù ẹnì kan ṣoṣo láti ọdún mẹ́fà.

Ìyá Ìbejì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba. Borno ni ọkọ rẹ̀ kú sí, nínú ogun tí a ń bá Boko Haram jà, ipò kọ́púrà ló sì wà nígbà tó kú. Gbogbo ìwé tó jẹ mọ́ ọkọ náà ló wà nínú àpò ọ̀rá dúdú kan tó máa ń gbé lé itan bí ẹni gbé ọmọ: ìwé ẹ̀rí ikú, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ìbúra kóòtù, lẹ́tà tí ọ̀gá bàtálíọ̀nù ọkọ rẹ̀ kọ, àti fọ́tò kan tí wọ́n ti fi rọ́bà bò, níbi tí ọkùnrin náà ti wọ aṣọ ogun, tó di ìbọn mú, tí kò rẹ́rìn-ín. Etí àwọn ìwé náà ti gbó. Lẹ́tà ọ̀gá bàtálíọ̀nù ti ya ní ojú ibi tí wọ́n ti máa ń ká a, sẹlotéèpù tó fi lẹ̀ ẹ́ sì ti di ìlọ́po méjì, débi pé nígbà tí mo tẹ́ ẹ sórí gíláàsì ẹ̀rọ, ńṣe ni mo ń rọra fi ìka tẹ̀ ẹ́ kí ó má baà pín sí méjì lọ́wọ́ mi.

Wọ́n san díẹ̀ fún un lọ́dún kìíní. Lẹ́tà H kan ṣoṣo ló dá ìyókù dúró. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ wọ iṣẹ́ ológun, ó kọ orúkọ ìyàwó rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò gba ohun tó bá jẹ́ ti òun bí òun bá kú, ó sì fi H parí orúkọ náà. Ìwé báǹkì obìnrin náà kò ní H, bẹ́ẹ̀ ni káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀ kò ní in. Àbújá ni ilé iṣẹ́ tó ní kó wá tún un ṣe wà. Ó ti lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ọkọ̀ alẹ́ ló sì máa ń wọ̀ kí ó má baà sanwó ilé àlejò. Ẹ̀ẹ̀kan tí ọ̀rọ̀ náà kò parí lọ́jọ́ tó dé, mọ́sálásí ló sùn sí. Wọ́n ní kó lọ búra ní kóòtù, ó búra. Wọ́n ní kó mú lẹ́tà wá láti ìjọba ìbílẹ̀, ó mú un wá. Ní ìgbà kẹrin, akọ̀wé mìíràn ló bá lórí àga, onítọ̀hún sì sọ fún un pé àwọn kò rí fáìlì rẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tó fi ní kí n ṣe ìwé kọ̀ọ̀kan ní mẹ́wàá-mẹ́wàá. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ ṣe é kó pọ̀. Bí wọ́n bá sọ ọ̀kan nù, màá fún wọn ní òmíràn. Ìgbà tó bá sú wọn láti máa sọ ọ́ nù, wọ́n á san án."

Nígbà tí rédíò kúrò lórí ọ̀rọ̀ Benin, ó gbójú sókè, ó bi mí pé, "Ṣé wọ́n tún ń kó wọn lọ ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sọ nǹkan kan mọ́. Ó ń to àwọn ìwé tí mo ti ṣe tán, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ etí wọn kí wọ́n lè dọ́gba.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo jókòó ti ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999. Abala karùn-ún sọ pé Ààrẹ kò gbọdọ̀ rán ọmọ ogun lọ jà lẹ́yìn odi láìjẹ́ pé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Bí ewu bá ti kan ilẹ̀kùn, ó lè rán wọn ṣáájú, ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ 7 ó gbọ́dọ̀ wá gba àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn aṣòfin, kí àwọn náà sì dá a lóhùn láàárín ọjọ́ 14, ì báà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá, tí àwọn ológun kan gbìyànjú láti fipá gba ìjọba ní Kútọnu, ni ọkọ̀ òfuurufú ogun wa ti fò lọ síbẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́tà ti dé iwájú àwọn aṣòfin. N kò rí òfin tí wọ́n rú. Ohun tí mo wá tí n kò rí nínú abala náà ni gbólóhùn kan tó sọ iye ọjọ́ tí ìjọba ní láti fi dá opó lóhùn. Òfin ka ọjọ́ fún Ààrẹ, ó ka ọjọ́ fún sẹ́nétọ̀, kò ka ọjọ́ kankan fún Ìyá Ìbejì.

N kò sọ pé ọ̀rọ̀ Benin kò kàn wá. Ẹ̀jẹ̀ wa ló wà ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, ìbátan wa ló kún Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo, bí iná bá sì ń jó ilé aládùúgbò, kò sí ẹni tí yóò sùn. Ohun tó ń dùn mí ni bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rọrùn tó lẹ́nu àwọn tó ń sọ ọ́. Ẹ̀yin náà ti wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n: ọ̀gá wọn á ní kí ẹni tó bá fara mọ́ ọn sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ohùn á ròkè, òòlù igi á dún, wọ́n á sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ tó kàn. Kò tíì pé oṣù kan nígbà náà tí a pàdánù Ọ̀gágun Musa Uba ní Borno, ẹni tí ilé iṣẹ́ ológun kọ́kọ́ sọ fún wa pé ó ti padà sí ibùdó láyọ̀, kí a tó gbọ́ pé àwọn agbésùnmọ̀mí ti mú un, wọ́n sì ti pa á. Láti ọdún 2009 ni ogun yẹn ti ń jà nínú ilé, a kò tíì parí rẹ̀.

Ẹ rántí oṣù Kẹjọ ọdún 2023, lẹ́yìn tí ológun gba ìjọba ní Niger ní ìparí oṣù Keje, tí ẹgbẹ́ ECOWAS, tí Ààrẹ wa ń darí nígbà náà, sì ń halẹ̀ pé àwọn yóò lo agbára. Àwọn aṣòfin àgbà kan náà ni wọ́n sọ fún Ààrẹ nígbà náà pé kí ó wá ọ̀nà ìfọ̀rọ̀wérọ̀. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo àwọn tó kọ́kọ́ figbe ta, àwọn sẹ́nétọ̀ Àríwá ni, nítorí ìpínlẹ̀ 7 nínú tiwọn ló bá Niger pààlà, láti Sókótó àti Kébbí títí dé Yóbè àti Borno. Wọ́n mọ ẹni tí ìbọn náà yóò kọ́kọ́ bá. Wọ́n mọ orúkọ ọjà tí yóò tú àti oko tí kò ní ṣeé dé mọ́. Nígbà tí ewu súnmọ́ ilé tiwọn, wọ́n rí i pé ó yẹ kí ènìyàn ronú kó tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí mò ń bèèrè lọ́wọ́ wọn kò ju pé kí wọ́n máa ronú bẹ́ẹ̀ fún ọmọ kọ́púrà náà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò kọ sábẹ́ èyí: pé ẹni tó wọ iṣẹ́ ológun mọ ohun tó wọ̀, pé kò sí ẹni tó fi okùn fà á. Mo ti gbọ́ ọ títí. Ẹni tó mọ̀ pé òun lè kú kò gbà pé kí wọ́n sọ fáìlì òun nù bí òun bá kú.

Ẹ jẹ́ kí n mú un wá sí ilẹ̀ wa níhìn-ín. Ní oṣù Keje ọdún 2008, àwọn sójà tí wọ́n ti bá àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ṣọ́ àlàáfíà ní Làìbéríà jáde sí ìgboro Àkúrẹ́, wọ́n ń ké pé owó àjẹmọ́nú àwọn kò pé. Ilé ẹjọ́ ológun pe ohun tí wọ́n ṣe ní ìdìtẹ̀, nígbà tó sì di ọdún 2009, wọ́n dá ẹ̀wọ̀n gbére fún 27 nínú wọn. Lẹ́yìn tí ariwo pọ̀ ni wọ́n tó dín in kù sí ọdún 7. Mo ṣì ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá mi nígbà náà, mo sì rántí pé ńṣe ni gbogbo wa gbé ìwé ìròyìn náà dání tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n lọ sí ilẹ̀ àjèjì nítorí pé àwọn olóṣèlú ní kí wọ́n lọ, wọ́n padà wálé láàyè, ibi tí wọ́n ti ń bèèrè owó wọn ni ẹ̀wọ̀n ti ká wọn mọ́. Ní ìdà kejì, Sẹ́nétọ̀ Shehu Sani fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ ní oṣù Kẹta ọdún 2018 pé mílíọ̀nù 13.5 náírà ni sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà lóṣooṣù fún ìnáwó, yàtọ̀ sí owó oṣù. N kò lè fi ojú kan wo iye yẹn kí n tún fi ojú kan náà wo obìnrin tó ń ná owó èlùbọ́ sórí fọ́tòkọ́pì.

Ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun tó ti kú, ti ń bọ̀. Wọ́n yóò gbé òdòdó lélẹ̀, wọn yóò yìnbọn ìyẹ́sí, gómìnà kọ̀ọ̀kan yóò sì tú ẹyẹlé funfun sílẹ̀ kó fò lọ. Ìgbà kan wà tí wọ́n pe Ìyá Ìbejì sí irú rẹ̀. Wọ́n fún un ní àpò ìrẹsì kékeré kan, ẹnì kan ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó ti ń gbà á, ó sì gbé e wálé lórí ọ̀kadà. Nígbà tí ọmọ Ìlobùú tó wà nítòsí wa yìí, Ọ̀gágun Taoreed Lagbaja, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà àwọn ọmọ ogun ilẹ̀, kú ní ọjọ́ 5 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Ààrẹ ní kí wọ́n ta àsíá orílẹ̀-èdè sílẹ̀ dé ìdajì fún ọjọ́ 7. Ó tọ́ sí i, mo wà lára àwọn tó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Mo kàn ń ronú kan ọkọ Ìyá Ìbejì ni, ẹni tí ilé iṣẹ́ ìjọba kan kò mọ ibi tí wọ́n fi ìwé rẹ̀ sí.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, mo sọ gbogbo èyí fún Bàbá Sójà. Ẹ̀yìn ìsọ̀ mi ló ń gbé, sájẹ́ńtì ni kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì wà lára àwọn ECOMOG, ìyẹn àwọn ọmọ ogun ECOWAS, tó lọ Làìbéríà. Orókún rẹ̀ ọ̀tún kì í ká dáadáa mọ́, nítorí náà ó máa ń na ẹsẹ̀ náà gbọọrọ síwájú tó bá jókòó, àwọn ọmọdé sì ti mọ̀ pé kí àwọn gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá. Mo ń pariwo. Mo ní bí ó bá jẹ́ èmi ni mo ń ṣòfin, sẹ́nétọ̀ tí kò bá ní ọmọ nínú iṣẹ́ ológun kò ní lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n rán ọmọ ogun lọ síbì kankan. Mo ní ìgbà àwọn baba wa, ẹni tó bá pe ogun ló ń ṣíwájú ogun, pé nígbà tí àwọn ará Ìbàdàn gba Òṣogbo sílẹ̀ lọ́wọ́ ogun Ìlọrin ní ọdún 1840, àwọn olóyè wọn kò jókòó sílé kí wọ́n máa ka lẹ́tà.

Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó wá ní, "Ọmọ mi, ta ló rán wa lọ Làìbéríà?"

Mo ní, "Ìjọba Babangida ni, bàbá."

"Kí ni iṣẹ́ Babangida?"

"Sójà ni, sà."

"Sójà ni. Ó jagun abẹ́lé, ó fara gbọgbẹ́ níbẹ̀. Kì í ṣe ẹni tí kò mọ̀. Nígbà tí orókún mi bàjẹ́, ta ló sanwó oògùn rẹ̀?" Kò dúró kí n dáhùn. "Èmi ni. Títí di òní, èmi náà ni."

Mo fẹ́ sọ pé ìjọba ológun yàtọ̀. Kó tó di pé mo la ẹnu, ó ti dé orí Bùhárí. Ọ̀gágun ni olóògbé náà, ó jagun abẹ́lé, ó ṣe olórí orílẹ̀-èdè nínú aṣọ ogun, ó sì tún padà wá nípasẹ̀ ìbò ní ọdún 2015. Àsìkò tirẹ̀ ni àwọn agbésùnmọ̀mí ya wọ ibùdó àwọn ọmọ ogun ní Metele, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, tí fídíò kan sì tàn ká orí fóònù wa, níbi tí ọkùnrin kan ti ń ráhùn lórí ohun ìjà tó ti gbó tí wọ́n kó fún wọn. Bàbá Sójà ní, "Bí ó bá jẹ́ pé mímọ̀ ni, wọ́n mọ̀."

Mo padà sílé, oorun kò tètè kùn mí. Ìtàn tí mo fi ń yangàn náà kò fi mí lọ́kàn balẹ̀ mọ́, nítorí mo rántí Ààrẹ Látòósà ti Ìbàdàn. Òun ló pe ogun Kírìjì, ó lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ibùdó ogun lẹ́bàá Ìgbájọ, tó wà nínú ìpínlẹ̀ wa yìí, ló sì kú sí ní ọdún 1885. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877 kò tú ká pátápátá títí di ọdún 1893. Ó wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń rí òkú, ó ń gbọ́ igbe, ìyẹn kò sì mú kó dá ogun náà dúró. Bí ẹni tó wà lójú ogun fúnra rẹ̀ bá lè máa fi ọmọ ọlọ́mọ ṣòfò fún ọdún gbọọrọ, kí ló mú mi rò pé bí ọmọ sẹ́nétọ̀ bá wọ aṣọ ogun, ọ̀rọ̀ yóò yàtọ̀? Mo ṣì gbà pé àlàfo tó wà láàárín àwọn tó ń ránni lọ sógun àti àwọn tí wọ́n ń rán ń pa ènìyàn. N kò tún mọ ohun tí a lè fi dí i mọ́. Bóyá òfin tó ka ọjọ́ fún opó ni, bó ṣe ka ọjọ́ fún Ààrẹ. Bóyá ìyẹn pàápàá yóò di fáìlì tó sọnù.

Ọjọ́bọ̀ ni Ìyá Ìbejì padà wá. Kò wá nítorí fọ́tòkọ́pì. Ó mú Kẹ́yìndé dání, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì náà, ọmọ ogún ọdún, tó ga bíi baba rẹ̀ nínú fọ́tò. Lẹ́yìn tí Ààrẹ pàṣẹ ní oṣù Kọkànlá pé kí ilé iṣẹ́ ológun gba àwọn ọmọ ogun sí i, àwọn ọ̀dọ́ ti ń wá bá mi pé kí n máa bá àwọn ṣọ́ ojú òpó wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí n sì to ìwé àwọn sílẹ̀. Mo ní bébà kan tí mo máa ń ní kí wọ́n kọ gbogbo àlàyé wọn sí, kí n lè fara balẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ojú òpó bá ṣí. Mo wo ìyá, mo wo ọmọ. N kò lè dá a dúró sínú mi, mo ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin náà?"

Ó ní, "Bọ̀dá, ọdún kejì rèé tó parí ilé ìwé. Iṣẹ́ wo ló wà ní Òṣogbo? Bí wọ́n bá gbà á, owó oṣù á máa wọlé." Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, àpò ọ̀rá dúdú náà sì wà lórí itan rẹ̀.

Mo fún ọmọ náà ní bébà àti báírò. Ó kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀. Ó dé ibi tí wọ́n ti ní kó kọ orúkọ ẹni tí wọn yóò kàn sí bí nǹkan bá ṣe é, ó kọ orúkọ ìyá rẹ̀ dé ìparí, ó wá dúró, ó gbé báírò sókè.

Ó ní, "Mọ́mì, ṣé kí n fi H sí i?"

Ìyá Ìbejì tú ẹnu àpò ọ̀rá náà. Ó wá inú rẹ̀ títí ó fi rí káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, ó fi etí ìró rẹ̀ nù ún, ó sì gbé e kalẹ̀ síwájú ọmọ náà kó máa wò ó kọ.